Ẹ Dá Lísítà Sí Kí Ilé Ìyọ́rin Tó Gbé E Mì

Sí Ọ̀gá Àgbà Àjọ Tó Ń Ṣàkóso Mùsíọ́ọ̀mù àti Ohun Ìrántí ní Nàìjíríà,
àti sí ẹ̀yin gómìnà ilẹ̀ Yorùbá gbogbo,

Ẹ̀yin àgbà ìlú,

Mẹkáníìkì ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Ẹ̀yìn ilé mi ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ibẹ̀ ni mo ti ń jí àwọn ẹnjìnnì àtijọ́ tó ti kú, pàápàá jù lọ Lísítà, ẹnjìnnì ajókòó-sójú-kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ àgbàdo, èlúbọ́, láfún àti ata fún wa káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni pé àwọn ẹnjìnnì wọ̀nyí ń tán nílẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Àwa la ń tà wọ́n ní kílò fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Wọ́n ń fi òòlù ńlá fọ́ wọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń jù wọ́n sẹ́yìn ọkọ̀, ó di ilé ìyọ́rin. Bí ẹ kò bá tètè dá sí ọ̀rọ̀ yìí, àwọn ọmọ tí a ń bí lónìí yóò dàgbà láìrí ẹyọ kan tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Lísítà jẹ́ sí wa, nítorí mo mọ̀ pé ẹlòmíì yóò ka lẹ́tà yìí, yóò sì rò pé irin ìdọ̀tí kan lásán ni mò ń pariwo lé lórí. Kí ẹ̀rọ tó dé, ọlọ àti odó ni. Obìnrin tó fẹ́ ta ẹ̀kọ lọ́la, láti òní ni yóò ti kúnlẹ̀ ti ọlọ. Ẹni tó ní èlúbọ́, inú odó ni yóò ti gún un, yóò jọ̀ ọ́, yóò tún da èyí tí kò kúnná padà sódó. Apá, ẹ̀yìn, orúnkún: ara àwọn ìyá wa ni a fi ń lọ oúnjẹ ìlú. Nígbà tí ilé ẹ̀rọ dé, iṣẹ́ tó ń gba odidi òwúrọ̀ lójú odó di ohun tí wọ́n ń ṣe tán kí èèyàn tó kí àwọn tó bá lórí ìlà tán. Òwò gàrí gbòòrò sí i. Èlúbọ́ kúrò ní ohun tí à ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé nìkan, ó di ẹrù tí ọkọ̀ ń kó láti ìlú dé ìlú. Àwọn ìyá ẹlẹ́rọ fi owó ẹ̀rọ kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Mo mọ dókítà, mo mọ lọ́yà, tó jẹ́ pé owó ata lílọ ni wọ́n fi san owó ilé ìwé wọn. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kọ ìtàn ọrọ̀ ajé wa láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tàbí ìtàn iṣẹ́ àwọn obìnrin wa, kí ó fo ilé ẹ̀rọ dá. Síbẹ̀, mo ti wo inú àwọn mùsíọ́ọ̀mù yín tí mo dé, n kò rí ilé ẹ̀rọ níbẹ̀.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dursley, ní Gloucestershire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni Lísítà ti wá. Robert Ashton Lister ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1867, irinṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1909 ni wọ́n bọ́ sídìí ẹnjìnnì oní-pẹtiróòlù. Ní 1926 wọ́n gbé èyí tí wọ́n pè ní D jáde, ẹnjìnnì kékeré tí agbára rẹ̀ kò ju họ́ọ̀sì-páwà kan àbọ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀, tí mágínẹ́tò ń tan iná sí i lẹ́nu. Àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún fífa omi. Kò pẹ́ sí i, ní nǹkan bí 1929 sí 1930, ni CS dé, èyí tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì. Òun ni ọ̀pọ̀ wa ní lọ́kàn bí a bá dárúkọ Lísítà. Ọ̀pọ̀ ẹnjìnnì elépo-líle tó ṣáájú rẹ̀ ló jẹ́ pé a ní láti fi iná mú orí wọn gbóná kí wọ́n tó jí. CS kò béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ yí i, ó jí, bó ti wù kí òwúrọ̀ tutù tó.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí Dursley fi ṣe CS kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin. Ṣùgbọ́n àwọn ará Íńdíà ti mú àwòṣe rẹ̀, wọ́n ń rọ ọ́ ní Rajkot, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀pọ̀ èyí tí à ń pè ní Lísítà nínú ilé ẹ̀rọ wa, Rajkot ló ti wá, kì í ṣe Dursley. Mi ò fi ojú kéré èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èyí tó ti Íńdíà wá náà ti bọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tó wà níwájú rẹ̀, kí ó wá pátákó kékeré onídẹ tó wà lára ẹnjìnnì: orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, iye họ́ọ̀sì-páwà wà níbẹ̀, iye yíyípo wà níbẹ̀, nọ́ńbà ẹnjìnnì náà sì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni ìwé ìbí rẹ̀. Pátákó náà gan-an ni àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù máa ń kọ́kọ́ yọ, torí pé idẹ lówó lórí ju irin lọ.

Ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ jù ni 6/1: sílíńdà kan, họ́ọ̀sì-páwà 6, yíyípo 650 ní ìṣẹ́jú kan. Sílíńdà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 4½, písítìn rẹ̀ sì ń rìn ínṣì 5½ lọ sókè sódò. Ẹ fi wé ẹnjìnnì Ṣáínà kéékèèké tó gba ipò rẹ̀ nílé ẹ̀rọ báyìí, tí ń sáré tó 2,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnjìnnì tó ń rọra yí kì í tètè jẹ ara rẹ̀. Fláíwíìlì ńlá méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló ń tọ́jú agbára láàárín ìbúgbàù kan sí èkejì. Omi inú dúróòmù kan tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń tù ú lára, láìsí pọ́ńbù kankan: omi gbígbóná ń gòkè, èyí tó tutù ń wọlé nísàlẹ̀, wọ́n ń yí ká fúnra wọn. Kò sí bátìrì, kò sí wáyà, kò sí kọ̀ǹpútà. Gbogbo ohun tó ń ṣe ló hàn sójú. Ọmọ iṣẹ́ tó bá dúró tì í yóò rí i bí fáàfù ṣe ń ṣí, bó ṣe ń padé, yóò sì rí i bí irin tó ń ṣàkóso ìyára ṣe ń fa pọ́ńbù sẹ́yìn nígbà tí ẹrù bá fúyẹ́. N kò tíì rí ohun mìíràn tí ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ ẹnjìnnì tó o.

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi báyìí, mo sì fẹ́ sọ nípa rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí à ń sọ nù. Ìdílé kan ní apá Làfẹ́nwá ló ni ín. Ìyá wọn ló fi lọ láfún títí ó fi ṣaláìsí. Ilé ẹ̀rọ náà ti wó. Òjò ń rọ̀ sínú páìpù èéfín rẹ̀ tó dojú kọ òkè, omi ti wọ sílíńdà, písítìn ti so mọ́ra pẹ̀lú ìpẹtà. Ẹni tó fẹ́ rà á fún kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti dé ibẹ̀, ó ti wọ̀n ọ́n lójú, ó ti sọ iye. Mo bẹ àwọn ọmọ olóògbé náà, wọ́n gbà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹnjìnnì tó ti so mọ́ra, kì í ṣe òòlù ló ń fẹ́. Ìwà ipá ló ń ba púpọ̀ nínú wọn jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ tún wọn ṣe. Irin tí wọ́n rọ tó nípọn kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń sán. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí a yà á ní fọ́tò láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan. Lẹ́yìn náà a óò tú orí rẹ̀, a óò po kẹrosíìnì àti ọ́ìlì gíà mọ́ra, a óò dà á sórí písítìn, a óò sì fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì a tún dà á. Ẹni tí kò ní sùúrù, kí ó lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá ti rọ̀ díẹ̀, fláíwíìlì ni a óò dì mú, a óò máa mì í lọ síwájú sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bí ó ti fẹ́ lọ. Bó bá kọ̀, a óò fi igi líle lé písítìn lórí, a óò fi owú kàn án jẹ́jẹ́ láti orí igi náà. Ọjọ́ tó bá yí, ẹni tó wà níbẹ̀ yóò mọ̀. Ó máa ń dún kẹ́kẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì máa ń jọ̀wọ́ ara rẹ̀.

Ó tún ku yíyọ fláíwíìlì. Irin kan tí wọ́n gbẹ́ ní ṣóńṣó ló há a mọ́ kírańkì, ó sì lè ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹnjìnnì ti kúrò ní ilé iṣẹ́. Bí wọ́n bá fi ìkánjú fà á, orí rẹ̀ yóò já, iṣẹ́ di ti tọ́nà. Lẹ́yìn èyí ni inú àpótí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì ń gbé. Èyí tí mo ṣí yìí, ẹrẹ̀ dúdú ló kún un. Ẹ gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí irin yóò fi hàn, torí pé ọ̀nà tí Lísítà fi ń fi ọ́ìlì pa ara rẹ̀ rọrùn púpọ̀: ìsàlẹ̀ kọ́nrọ́ọ̀dù ní ohun kékeré kan tó ń tẹ inú ọ́ìlì, tó ń ta á sókè sára ohun gbogbo. Bí ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ni yóò máa ta sókè. Nínú àwọn tó ti Rajkot wá, a tún máa ń rí iyanrìn tí wọ́n fi rọ irin, tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ kúrò nígbà tí wọ́n ń tò ó. Iyanrìn yẹn ti jẹ ọ̀pọ̀ bíárìn.

Fáàfù, a óò fi péèsìtì ìlọ-fáàfù lọ̀ ọ́ títí ojú rẹ̀ àti ojú ibi tó ń jókòó sí yóò fi bára mu yíká. Ríìngì písítìn, a óò yẹ̀ wọ́n wò, bí wọ́n bá ti jẹ tán a óò pààrọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, mo bẹ yín, ẹ má ṣe fi sáńpépà ha á, ẹ má sì fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní asbestos nínú, ekuru rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ fi omi rin ín, ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọmọdé wà. Pọ́ńbù àti nọ́sù ni mo máa ń fi sígbẹ̀yìn. Nọ́sù tó dára, bí ìkùukùu ni ó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì jáde, pẹ̀lú ìró kan tó mú bí ẹ bá ń fi ọwọ́ pọ́ńbù rẹ̀. Èyí tó bàjẹ́ ń kán tó-tó. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ nínú páìpù epo tó láti mú kí ẹnjìnnì kọ̀ láti jí, a ní láti tú ojú páìpù náà títí epo nìkan yóò fi máa jáde láìní fóòmù.

Lórí CS àtijọ́ ẹ óò rí kẹ̀kẹ́ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ wa kò lò ó mọ́, ẹlòmíì tilẹ̀ ti fi wẹ́dà dì í pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó dí apá kan nínú iyàrá ìjóná nígbà tí ara ẹnjìnnì bá tutù, kí afẹ́fẹ́ lè fún pọ̀ sí i, kí ó sì gbóná tó láti tan epo. Bí ara rẹ̀ bá ti yá, a óò yí i síta. Àwọn àgbà ẹlẹ́rọ mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n ń yí i. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ. Èyí tó kù ń lọ. Ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn kò sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀ ní èdè Yorùbá.

Nígbà tí ẹnjìnnì bá ti tò tán, ẹnì kan yóò ti irin kékeré tó ń ṣí fáàfù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí afẹ́fẹ́ má bàa fún pọ̀, ẹni tó ní agbára yóò dì mọ́ háńdù, yóò máa yí i. Fláíwíìlì ń wúwo lọ́wọ́, ó ń wúwo, lẹ́yìn náà ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara rẹ̀. Nígbà yẹn ni a óò jẹ́ kí fáàfù padé. Ó lè húkọ́ èéfín funfun lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó wá dún: tùkù, tùkù, tùkù, kò yára, kò kánjú. Ọjọ́ tí mo jí ọ̀kan, àwọn àgbà àdúgbò mi tó gbọ́ ọ jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá kan béèrè pé ilé ẹ̀rọ ta ni ó tún ti ṣí.

Mo fi gbogbo èyí ṣàlàyé kí ẹ lè rí i pé ohun tó ń lọ sí ilé ìyọ́rin kì í ṣe irin lásán. Iṣẹ́ ọwọ́ wà nínú rẹ̀, ìṣirò wà nínú rẹ̀, ìtàn ìdílé wà nínú rẹ̀. Mi ò dá àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù lẹ́bi. Oúnjẹ òòjọ́ wọn ni. Ẹni tó bá dé Owódé Onírin ní Èkó yóò rí i bí irin ṣe ń dé láti ọ̀nà jíjìn, yóò sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń jẹun nídìí rẹ̀. Mi ò sì dá àwọn ọmọ ìyá ẹlẹ́rọ lẹ́bi. Wọn kò ní ilé tí wọ́n lè gbé e sí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún wọn rí pé ó ní iyì kankan ju ti kílò lọ. Ẹni tí ìjọba gbé iṣẹ́ sísọ ọ́ lé lọ́wọ́ ni ẹ̀yin.

Ẹ wo ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe. Ní Poynton, ní Cheshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá Anson Engine Museum sílẹ̀, wọ́n kó irú ẹnjìnnì báyìí jọ síbẹ̀, wọ́n sì ń wà wọ́n fún àwọn tó wá wò wọ́n. Ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà, Coolspring Power Museum ti ń kó ẹnjìnnì ajókòó-sójú-kan jọ láti 1985, iye wọn sì ti kọjá 250. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ní Lísítà D kan nínú gáréèjì rẹ̀ yóò kun ún ní àwọ̀ ewé rẹ̀ àtijọ́, yóò gbé e lọ sí ibi ìpàtẹ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn kò fi ẹnjìnnì náà jẹun tó bí àwa ṣe fi jẹun.

Ẹ lè sọ pé òyìnbó ló ṣe é, kí ló kàn wá? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn tó kàwé. Reluwé náà, òyìnbó ló ṣe é, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún Jaekel House ṣe ní ọgbà reluwé Èbúté Mẹ́ta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, wọ́n sì kó àwọn ohun ìrántí reluwé síbẹ̀, gbogbo ẹni tó dé ibẹ̀ ló ń dúpẹ́. Ohun tó mú ohun kan di tiwa ni iṣẹ́ tó ti ṣe láàárín wa. Ṣé ẹni tó rọ irin ni yóò sọ ẹni tó ni ìtàn rẹ̀ ni, àbí ẹni tó fi bọ́ ọmọ?

Ẹ lè sọ pé owó kò sí. Mo gbà pé nǹkan le. Ṣùgbọ́n kí ni iye Lísítà kan tó ti kú? Iye tí oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù ń san ni, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí yóò jókòó sí wà nínú ọgbà yín. Àtúnṣe rẹ̀, àwọn mẹkáníìkì bí èmi wà káàkiri tó máa ṣe é pẹ̀lú ayọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wà tó ń wá ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ tú.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ ní 1945, ti Ilé-Ifẹ̀ ní 1954 àti ti Oníkan ní 1957, ère, idẹ àti amọ̀ ni ó gba ipò iwájú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni ògo wa. Òfin 1979 tó dá àjọ yín sílẹ̀ kò sọ pé kí ìtàn wa dúró síbi tí ẹnjìnnì ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí mùsíọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ilé ẹ̀rọ kan, pẹ̀lú ẹnjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì rẹ̀, ẹ̀rọ ìlọ tí ẹnjìnnì náà ń yí, dúróòmù omi rẹ̀, kí wọ́n sì máa tàn án fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n bá yàn. Kí wọ́n lọ àgbàdo gidi. Kí àwọn ọmọ náà kọ́kọ́ lọ díẹ̀ lórí ọlọ, kí wọ́n tó rí i tí ẹ̀rọ lọ èyí tó kù. Ẹnjìnnì tí wọ́n kùn ní àwọ̀ dídán tí wọ́n gbé sórí kọnkéré láì lè yí, òkú ni. Ìpẹtà yóò tún so ó mọ́ra níbẹ̀, a óò sì padà síbi tí a ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ààbò, kí ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kékeré wò ó. Bẹ́líìtì tí kò ní ìbòjú lè gba aṣọ, ó sì lè gba ọwọ́. Fláíwíìlì tó ti sán, bí wọ́n bá wà á ju bó ti yẹ lọ, ó lè fọ́ kí ó sì pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òòlù kékeré kàn án kí a tó lò ó, kí a gbọ́ bóyá ó ń dún gbangba bí agogo tàbí ó ń dún fọ́. Kí wọ́n fi irin yí ibi tó wà ká, kí páìpù èéfín rẹ̀ jáde síta.

Ẹ̀yin gómìnà wa, iṣẹ́ tiyín wà nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ yín. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń kọ́ nípa ẹnjìnnì láti inú àwòrán ara pátákó. Ẹ fún wọn ní Lísítà kan. Ọmọ tó bá tú u, tó tún un tò, tó jí i, kò ní bẹ̀rù ẹnjìnnì kankan mọ́ láyé rẹ̀. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: ẹnjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lè jó epo tí a fún láti inú èso. Ní ìpàtẹ àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1900, òróró ẹ̀pà ni wọ́n fi wa ọ̀kan. Ẹnjìnnì tó ń rọra yí bíi CS wà lára èyí tó gbà á dáadáa jù, bí wọ́n bá ti mú òróró náà gbóná kí ó lè ṣàn. Ní ilẹ̀ tó ní ọ̀pẹ tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ni èyí fún àwọn pólì wa.

Kí ẹ tún rán àwọn ọ̀dọ́ jáde pẹ̀lú fóònù wọn, kí wọ́n lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́rọ àti àwọn bàbá mẹkáníìkì tó ṣẹ́kù, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀: ìgbà tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé ìlú wọn, ẹni tó gbé e wá, bí wọ́n ṣe pín owó rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pe ẹ̀yà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èyí kíákíá. Ẹnjìnnì lè dúró nínú òjò fún ogún ọdún kí a tún jí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ará ilé tí Lísítà wà lẹ́yìn ilé yín. Ẹ má dúró de ìjọba. Lónìí yìí, ẹ fi agolo dé ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kí òjò má wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú sílíńdà rẹ̀ bí ẹ bá lè ṣí i. Ẹ wá táípọ́ọ̀lì tàbí páànù bò ó. Ẹ má fi sáńpépà ha ara rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ pátákó idẹ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà á sínú ìwé, ọdún tó rà á bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ohun tó fi ń lọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ pe mẹkáníìkì tó sún mọ́ yín, ẹni tó ní sùúrù. Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ tà á, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ládùúgbò yín bóyá wọ́n fẹ́ ẹ.

Ọ̀gá Àgbà, mo ń retí èsì yín. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, àwọn ọmọ olóògbé ti gbà pé bí ẹ̀ka yín ní Abẹ́òkúta bá pèsè ààyè tó ní òrùlé, àwọn yóò fi í sílẹ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀. Èmi yóò gbé e wá, èmi yóò sì tò ó, n kò ní gba owó iṣẹ́. Ẹ kàn fún wa láàyè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan ní Abẹ́òkúta